Káàpù Tó Bọ́ sí Àárín Ẹkùrọ́

Ọwọ́ mi ni ohun tó ṣe ìyá mi ti wá. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná, n kò lè sọ ọ́, ìdákẹ́jẹ́ mi sì tú ilé bàbá mi ká.

Igbódìgò ni ilé náà wà. Èmi àti ìyàwó mi ń gbé yàrá iwájú, ìyá mi ń gbé èyí tó kọjú sí tiwa, ìyàwó kékeré tí bàbá mi fi sáyé lọ sì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ìyá Kékeré ni gbogbo wa ń pè é. Láàárọ̀, èmi a gun ọ̀kadà lọ sí Òkìtìpupa, níbi tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn ìyá mi méjèèjì a sì dojú kọ epo àti àdín, olúkúlùkù ní ìdí ààrò tirẹ̀. Wọn kì í jà. Wọn kì í sì í jókòó pọ̀. Bí ọ̀kan bá kí èkejì láàárọ̀, èkejì á dáhùn, ó parí.

Bàbá mi fi ìbọn olójú kan sílẹ̀ fún mi, mo sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lórúkọ ara mi. N kì í ṣe ọdẹ. Ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa lóko ni mo ń yìn ín sí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jogún àṣà kan mọ́ ọn: bàbá mi kì í sọ kátíríìjì tó bá ti dún nù. Á kó o wálé, á sì tún un dì fúnra rẹ̀ lórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀tù. Káàpù ni. Idẹ róbótó kan báyìí ni, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, ìdí kátíríìjì ló ń wà. Òun ni ìbọn máa ń gbá tí iná fi ń sọ sí ẹ̀tù. Ohunkóhun tó bá sì gbá a ló máa ń dá lóhùn. Kò mọ̀ bóyá ìbọn ni tàbí òkúta.

Inú páálí tó bá a wá láti ilé ìtajà ni bàbá mi ń fi í sí, níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní ihò tirẹ̀ tí ọ̀kan kì í fara kan èkejì. Ẹyọ kan ló ń mú jáde lẹ́ẹ̀kan. Á wọ awò ojú. Á tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ yí ẹsẹ̀ tábìlì ká, kí èyí tó bá bọ́ lè hàn. Bí ọ̀kan kò bá fẹ́ wọlé sí àyè rẹ̀, kì í fi ipá tì í, kì í sì í fi òòlù kàn án. Á mú un kúrò ni. Á ka iye tó mú jáde, á ka iye tó lò. Mo rántí ọjọ́ kan nígbà èwe mi tí ẹyọ kan dín. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Gbogbo wa ń fi eékún rìn nínú pálọ̀ láti ọ̀sán títí ọbẹ̀ fi tutù sórí ààrò, kí a tó rí i lábẹ́ etí kápẹ́ẹ̀tì. Lójú mi nígbà náà, òǹrorò ni bàbá mi.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ikán jẹ páálí náà. Mo da káàpù tó kù sínú ìgò kọfí kan, mo dé e, mo gbé e sórí pẹpẹ. Aṣọ funfun di ohun tí a fi ń nu ilé. Awò ojú rẹ̀ fọ́, n kò ra òmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, mo jókòó sídìí tábìlì yẹn láti di kátíríìjì mẹ́rin. Káàpù kan yọ̀ bọ́ láàárín ìka mi. Mo gbọ́ tó ta lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ àga, mo fi iná fóònù wo ìdí ògiri. N kò rí i. Ìyàwó mi ti gbé púpurú kalẹ̀, ọbẹ̀ marúgbó ti wà nínú àwo. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹyọ kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ ṣe? Mo lọ jẹun. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi gbá pálọ̀ bó ti ń gbá a lójoojúmọ́. Ó gbá ìdọ̀tí gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì tì í kúrò lórí fàráńdà sí ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ fàráńdà yẹn ni Màámi sá ẹkùrọ́ sí.

Ẹkùrọ́ yẹn gan-an, Ìyá Kékeré ló fún un. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló gbé agbọ̀n kan wá síwájú yàrá Màámi, ó ní ẹkùrọ́ òun pọ̀ ju ohun tí òun lè pa lọ. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Màámi dúpẹ́, ó wo agbọ̀n náà títí, kó tó dà á sínú oòrùn.

Ní Sátidé, mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń fọ bàtà. Mò ń gbọ́ òkúta Màámi níwájú, bó ṣe ń pa ẹkùrọ́ lọ ní ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn náà ni ohun kan dún. Kò dún bí ìbọn. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ya pákó gbígbẹ mọ́ni létí. Òkúta náà dákẹ́.

Mo sáré yí ilé ká. Màámi ṣì jókòó lórí àpótí rẹ̀. Òkúta ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n bu nǹkan fún òun, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sí i láti abẹ́ ojú òsì rẹ̀.

"Màámi, kí ló ṣe yín?"

"Ẹkùrọ́ ló dún," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹkùrọ́ ló dún mọ́ mi lọ́wọ́."

Ìyá Kékeré ti jáde láti ẹ̀yìn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé ọwọ́ lé àyà, kò lè sún mọ́ wa. Ìyàwó mi ti wà lójú títì, ó ń na ọwọ́ sí ọlọ́kadà.

Ní ọsibítù ní Òkìtìpupa, nọ́ọ̀sì kan wẹ ojú náà, ó ṣí ìpéǹpéjú Màámi, ó tan iná sí i. Ẹyinjú kò fara gbọgbẹ́. Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ohun náà wọ̀, ìwọ̀n fífẹ̀ ìka kan sí ojú. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀mú yọ ọ́, ó gbé e lé òwú.

"Kí ni Màmá ń fọ́?"

"Ẹkùrọ́," ni mo dáhùn.

"Èyí kì í ṣe èèpo ẹkùrọ́, sà." Ó na òwú náà sí mi.

Idẹ ni. Ó ti ya, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan ṣì róbótó. Mo dá a mọ̀. Mo rí ara mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo rí bí mo ṣe nàró láti ìdí àga tí mo lọ jẹun. Nọ́ọ̀sì ń dúró de ìdáhùn. Ìyàwó mi ń wò mí.

"Mi ò mọ ohun tó jẹ́," ni mo wí.

Irọ́ náà jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú kàn án. Bó ṣe yá tó yẹn ṣì ń dẹ́rù bà mí títí di òní. Mo ká òwú náà, mo fi í sápò.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi ní òun á lọ sílé Ọlọ́run, ti báńdéèjì ti báńdéèjì. Ìjọ Aládùúrà kan náà ni gbogbo ilé wa ń lọ. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a wọlé nínú aṣọ funfun wa, Ìyá Kékeré sì jókòó ní ìlà kẹta sí ẹ̀yìn Màámi, bó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn orin kejì, ẹ̀mí gbé ìyá aríran. Ó yí po, ó wá dúró níwájú Màámi, akọ̀wé ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀. Ó ní ọfà ni wọ́n ta. Ó ní ojú ni wọ́n fẹ́ fọ́. Ó ní inú ilé ni ọfà náà ti jáde, kí a ṣọ́ra fún ohun tí a fi ẹ̀rín gbé wá.

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò ní ìdí láti dárúkọ, nítorí ìtàn agbọ̀n ẹkùrọ́ ti kárí àdúgbò láti àná. Mo rí bí orí ṣe ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan sí ìlà kẹta. Obìnrin tó jókòó ti Ìyá Kékeré rọra kó etí aṣọ rẹ̀ mọ́ra. Ìyá Kékeré wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kọjá láàárín wa, ó mú bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́. Ó gbé e lọ́wọ́ lọ.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ṣe Àmín, mo bá wọn ṣe é.

Ká tó délé, Ìyá Kékeré ti kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì méjì. Àjàgbà ló ń lọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu yàrá rẹ̀. Ó ń ká ìró kan. Ó ká a, ó tú u, ó tún un ká.

"Ìyá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

"Kí n dúró ṣe kí ni? Kí wọ́n wá sọ pé mo fi májèlé sómi?" Kò gbé ohùn sókè. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nínú ilé yìí. Ọdún yìí ni mo sọ fún ara mi pé àwa méjèèjì ti ń dàgbà, ó tó kí n na ọwọ́ sí i. Wo ohun tí ọwọ́ tí mo nà kó bá mi."

Mo yọ òwú kúrò nínú àpò, mo ṣí i lórí ibùsùn rẹ̀.

"Ohun tí wọ́n yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ Màámi nìyí," ni mo wí. "Káàpù mi ni. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi ní Ọjọ́bọ̀, mi ò wá a títí máa fi rí i. Wọ́n gbá a mọ́ ìdọ̀tí bọ́ sáàárín ẹkùrọ́."

Ó wò ó, ó sì wò mí. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ì bá tù mí lára.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lánàá. Ní ọsibítù."

"Nígbà tí gbogbo wọn ń wò mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, o ti mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó jókòó sétí ibùsùn. "Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ wá sí ilé ìwé nígbà tí ìyá rẹ bá wà lóko," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ sọ fún ìyá rẹ. Kì í ṣe èmi lo máa kọ́kọ́ bẹ̀."

Màámi wà lórí ibùsùn nínú yàrá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìgbé orí sókè.

"Dìde," ó ní. "Mo mọ̀."

Kò kọ́kọ́ yé mi. "Ẹ mọ kí ni?"

"Ṣé mi ò bá bàbá rẹ gbé ni? Ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ òórùn nǹkan yẹn lára aṣọ rẹ̀. Bó ṣe dún tí òórùn rẹ̀ wọ imú mi, mo ti mọ ohun tó jẹ́. Mo sì mọ ẹni tó ń lò ó nínú ilé yìí."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá jẹ́ kí wọ́n máa wo Ìyá Kékeré bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Kí n sọ kí ni? Kí n dúró láàárín ìjọ kí n ní ọmọ tí mo bí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú? Àwọn ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ agbọ̀n. Èmi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni."

Mo wò ó, n kò mọ ẹni tí mò ń wò. Láti àná ni mo ti rò pé èmi nìkan ni mo fi òtítọ́ sábẹ́ ahọ́n. Àṣé ìyá àti ọmọ la jọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àwa méjèèjì mọ̀, a sì ń wo obìnrin kan tó ń fi ẹsẹ̀ lásán jáde lọ. Èmi ṣe é nítorí ìbẹ̀rù. Òun ṣe é nítorí mi, àti nítorí nǹkan mìíràn tó ti wà láàárín àwọn méjèèjì kí n tó gbọ́n.

"Wọ́n ti di ẹrù wọn," ni mo sọ fún un.

Ó fọwọ́ kan báńdéèjì. "Jẹ́ kó lọ sinmi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ á tutù."

"Màá sọ fún ìjọ ní Ọjọ́rú."

"Ìwọ lo mọ̀," ó ní, ó sì kọjú sógiri.

Mo gbé báàgì Ìyá Kékeré dé ojú títì. Ó wọ takisí Àjàgbà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo mú ìgò kọfí náà, mo fi ọ̀rá wé e, mo há a sáàárín itan lórí ọ̀kadà, mo ní kí n kó o fún àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀nà náà kún fún kòtò. Ní gbogbo ìgbà tí a bá kó sínú ọ̀kan, mò ń gbọ́ tí káàpù ń mì jìgìjìgì nínú ìgò. Ní tésàn, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àgbà ọlọ́pàá kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn. Mo gbé ìgò náà sórí tábìlì rẹ̀, mo sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ tó ti nà láti gbé e, ó fà á padà.

"Báwo lẹ ṣe gbé e débí?"

"Ọ̀kadà."

Ó dìde, ó ní kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà jáde, kí ẹnikẹ́ni má sáré, kí ẹnikẹ́ni má sì ti tábìlì. Nígbà tí a dé ìta, ó fà mí sápá kan.

"Ọ̀gá, nǹkan yìí kì í gbé inú ìgò. Àwọn tó ṣe é ní ìdí tí wọ́n fi ń to ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ihò tirẹ̀. Bí ẹyọ kan bá dún níbi tí wọ́n ti fara kanra, gbogbo wọn ló máa dún pọ̀. Ìgò á fọ́ wẹ́wẹ́, èérún rẹ̀ á sì máa fò bí ọta. Ibo lẹ gbé e sí lórí ọ̀kadà?"

Mo fi hàn án.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ lọ jókòó," ó ní.

Mo lọ jókòó. Mo ronú kan ọlọ́kadà náà, tí n kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo ronú kan ìyàwó mi, tó máa ń gbé ìgò yẹn nu eruku lára rẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá kọfí ṣì kù nínú rẹ̀, ó sì gbọ̀n ọ́n létí kí n tó dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́pàá náà kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Ó ní ìwé tí mo ní, ìbọn ló wà fún, kò sí ẹni tó fún mi láṣẹ láti máa di kátíríìjì nílé. Ó ní kí n mú ìbọn wá. Mo mú un lọ, n kò sì padà lọ gbà á.

Nígbà tí mo padà délé, mo kó gbogbo ẹrù pálọ̀ síta. Mo ní kí ìyàwó mi má wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo wo ilẹ̀ yẹn bí bàbá mi ì bá ṣe wò ó. Mo rí méjì mìíràn. Ọ̀kan wà ní ẹsẹ̀ ògiri. Èkejì wà nínú ibi tí sìmẹ́ǹtì ti là, lábẹ́ ẹsẹ̀ àga tí mo máa ń jókòó lé jẹun. N kò mọ ìgbà tí wọ́n bọ́. Mo pe ọlọ́pàá náà lórí fóònù. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n, ó sì wá kó wọn fúnra rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, mo dìde nínú ìjọ, mo sọ ọ́. N kò fi bẹ́ẹ̀ rántí bí mo ṣe tò ó. Mo mọ̀ pé mo sọ káàpù, mo sọ ìgbálẹ̀, mo sọ pé Ìyá Kékeré kò mọ nǹkan kan. Àgbà ìjọ ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sábẹ́ ìran ọjọ́ Àìkú nínú ìwé kan náà. Ojú kò ti ìyá aríran. "Ẹ̀mí ní inú ilé ló ti wá," ó ní. "Ṣé ìta ló ti wá?" Nígbà tí a ń wọ bàtà, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń sọ fún èkejì pé ìyàwó kékeré náà ti fún mi ní nǹkan jẹ, òun ni mo ṣe ń gbèjà rẹ̀.

Ojú ọgbẹ́ Màámi san. Àpá dúdú kékeré kan ló kù. Mo lọ sí Àjàgbà lẹ́ẹ̀mẹta láti bẹ Ìyá Kékeré. Á fún mi lómi, á béèrè ìyàwó mi, á ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, Màámi jí lọ́jọ́ kan, ó ní kí n mú òun lọ.

Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lójúde ẹ̀gbọ́n Ìyá Kékeré, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. "Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn," ó sọ fún un. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Mo dákẹ́."

Ìyá Kékeré ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. "Ṣé wàá jẹun?" ó bi í.

Màámi jẹun. Kò kù nínú àwo. N kò rí i kó jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí Ìyá Kékeré bá wa padà, ó mi orí. Ó ní Àjàgbà ti bá òun lára mu.

Nínú takisí, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, Màámi fọwọ́ kan àpá rẹ̀.

"Kò béèrè ojú mi," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọn ò béèrè."

"Ká ní èmi ni, èmi náà ì bá má béèrè," ó ní, ó sì ń wo ìta.